Ọwọ́ Ọ̀tún Ishaq àti Iṣẹ́ Ẹ̀ksíréè Tí Mo Fẹ́ Lọ Kọ́

                                        Agboolé A-to-eegun,
                                        Pópó Yemọja,
                                        Ìbàdàn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        10 Oṣù Kìn-ín-ní, 2026.

Muslimat mi, ọ̀rẹ́ tó di ọkọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nǹkan méjì ni mo ti fi pamọ́ fún ọ láti ìgbà ààwẹ̀ ọdún tó kọjá. Ọ̀kan dùn, ọ̀kan korò, wọ́n sì so mọ́ra wọn débi pé n kò lè sọ ọ̀kan kí n fi èkejì sílẹ̀. Èyí tó dùn ni pé mo ti rí ààyè ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń ya ẹ̀ksíréè. Èmi Karimat ni o, tí tíṣà Físíìsì wa máa ń lé síta nítorí ẹ̀rín. Èyí tó korò ni pé Ishaq ọkọ mi kò ní ọwọ́ ọ̀tún mọ́. Wọ́n ti gé e.

Jókòó kí o tó ka ìyókù. Bí ọmọ bá wà lẹ́yìn rẹ, sọ ọ́ kalẹ̀ ná.

Báwo ni ara rẹ? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń dá jókòó? Sàídì ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé mọ́tò rẹ̀ kò tún dákú sójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn mọ́? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Àwa náà wà láàyè níhìn-ín, a dúpẹ́. Ara mi le. Ishaq ti ń jẹun, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín, bí kò tilẹ̀ jẹ́ gbogbo ìgbà.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa fi "ẹ" bá ọ sọ̀rọ̀, nítorí ọmọ ilé ni ọ́, ìyàwó ilé sì ni mí. Ìyá Àgbà Sẹ̀gilọlá, ẹ̀gbọ́n Bàbá, ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ pe ọ́ lórúkọ mọ́, pé kí n wá orúkọ àdápè kan fún ọ. Mo mú Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ní ìyẹn ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Nínú lẹ́tà yìí, Muslimat tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Òkè Padre ni mò ń bá sọ̀rọ̀. N kò lè sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí nínú agboolé yìí, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ní yàrá, ẹni tó wà nídìí kànga ló ń dá a lóhùn.

Ọdún kan kò tíì pé tí ẹ gbé mi wọlé yín. N kò ní purọ́ fún ọ, Muslimat, mo gbádùn ọkọ mi. Bí mo bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú mi ṣì máa ń dùn bí ìgbà tí mo wà ní Bẹẹrẹ, ní ibi ẹ̀ksíréè tí mo ti ń gba orúkọ àwọn aláìsàn lẹ́yìn tí a jáde girama. Ibẹ̀ ni Ishaq máa ń mú àwọn tó wá to eegun lọ́dọ̀ Bàbá wá. Á fẹ̀yìn ti ògiri, á ní, "Àńtí olórúkọ, ẹ kọ tèmi náà sílẹ̀." Mo ní kí ló ń dùn ún. Ó ní òun ò tíì mọ̀, pé kí n ya á wò ná.

Ìwọ náà mọ bí Bàbá wa, Alhaji Yésúfù, ṣe ń ṣiṣẹ́. Bàbá ọkọ mi ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí ìwọ náà sì ni wọ́n. Wọn kì í fọwọ́ kan eegun ará ìta láìkọ́kọ́ rí fọ́tò rẹ̀. Wọ́n á gbé fọ́tò náà sókè sí oòrùn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wò ó lọ́tùn-ún lósì. Bí ó bá jẹ́ pé eegun kan ló ṣẹ́, wọ́n á tò ó. Bí ó bá jẹ́ pé eegun méjèèjì tó wà ní apá ló ṣẹ́, wọ́n á ní kí wọ́n máa gbé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù, pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọparun àti aṣọ. Ohun tó mú kí orúkọ ilé yín dára láti Ìdí Arẹrẹ títí dé Ọjà'ba nìyẹn. Ishaq nìkan ló sì kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì nínú àwọn ọmọ. Bàbá máa ń sọ pé bí àwọn bá ti ń tọ́jú ọwọ́ ẹlòmíràn, ọwọ́ Ishaq ni àwọn ń tọ́jú de ọjọ́ alẹ́ àwọn.

Inú ààwẹ̀ ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Mo sọ pé omi tútù wù mí láti fi ṣínu. Ishaq gun ọ̀kadà, ó lọ wá yìnyín. Nígbà tó ń bọ̀, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó, mọ́tò akérò kan yà bára lójijì, ó gbá a, ó sì ṣubú lé ọwọ́. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní tí Bàbá ti ń tọ́jú ènìyàn. Ọwọ́ náà tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀, ibi tí kò yẹ kó tẹ̀ ló ti tẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pe àwọn ará Bẹẹrẹ. Wọn ò tíì ṣíwọ́. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ná."

Kí Bàbá tó dáhùn, Ìyá Àgbà ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Wọ́n ní, "Ará ìta là ń ní kó lọ ya fọ́tò. Ọmọ tí Yésúfù bí, tó ń wẹ̀ fún láti kékeré, ṣé fọ́tò ni yóò fi mọ eegun tirẹ̀? Ìyàwó, bí wọ́n bá rí ọmọ a-to-eegun lórí ìjókòó ní Bẹẹrẹ, ta ni yóò tún gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán wá bá wa?"

Mo wo Ishaq, ó di ojú. Mo wo Bàbá, wọ́n ń wo ilẹ̀. O mọ ilé wa. Ìyàwó tó kéré jù ni mí, ọmọ ọmú tí wọ́n bí kí n tó wọlé ṣe ẹ̀gbọ́n fún mi níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ti tán. Bàbá di ojú, wọ́n fi ọwọ́ wá eegun náà títí, wọ́n ní ọ̀kan ni. Wọ́n fi òrí pa á, wọ́n fi ọparun há a, wọ́n wé aṣọ mọ́ ọn pinpin. Wọ́n ṣe àdúà sí i, gbogbo wa ṣe àmín.

Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ tutù. Lẹ́yìn náà ó wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú bí ohun tí wọ́n rì bọ inú aró. Mo ní kó jẹ́ kí n dẹ aṣọ náà díẹ̀. Ó ní, "Karimat, Bàbá ló mọ ọjọ́ tí wọn yóò tú u. Bí mo bá tú u kó tó di ọjọ́ náà, bàbá mi ni mo tú síta lójú ọjà." Ó ń sọ̀rọ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó tún ń bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìkérora òun ní yàrá kejì. Muslimat, n kò mọ̀ pé ènìyàn lè fẹ́ràn bàbá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Òórùn ló tú àṣírí wa. Bàbá ń bọ̀ láti ìrun Sùbúhì, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n sì dúró. Wọ́n wọlé, wọ́n mú àlùmọ́gàjí, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gé aṣọ náà. Nígbà tí wọ́n rí ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àlùmọ́gàjí náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ní ọsibítù, wọ́n ya ẹ̀ksíréè. Eegun méjèèjì ló ṣẹ́. Dókítà ní aṣọ tí wọ́n wé mọ́ ọn kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ibẹ̀, pé ọwọ́ náà ti kú ṣáájú kí a tó gbé e dé. Abẹ́ ìgúnpá ni wọ́n ti gé e.

Àwọn àgbà ilé pinnu pé kí ẹ̀yin ọmọbìnrin tó wà nílé ọkọ má gbọ́, kí ọ̀rọ̀ bí ọwọ́ náà ṣe kú má bàa ti ọ̀dọ̀ yín dé ìgboro. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ wá kí i, kí a sọ pé Ishaq rìnrìn-àjò. Ìdí nìyẹn tí àwọn fọ́tò Iléyá tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ nìkan lo ń rí. Èmi ni mò ń gé e kí n tó fi ránṣẹ́. O kọ̀wé padà pé ọkọ mi ti sanra. Mo ka ọ̀rọ̀ náà, mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sunkún ní balùwẹ̀.

Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe ohun gbogbo báyìí. Bó bá nawọ́ owó sí àgbàlagbà kan ní Ọjà'ba, onítọ̀hún á kọ́kọ́ bojú jẹ́, á ní ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́, kó tó rí apá aṣọ tó ń mì lásán. Ishaq á tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá kò to eegun mọ́ láti ìgbà náà. Àwọn ènìyàn ń gbé fọ́tò wọn wá, Bàbá kì í gbà á wò, ọsibítù ni wọ́n ń júwe fún wọn láti ojú fèrèsé. Bí Ishaq bá wọlé kí wọn, wọ́n á mú tẹ̀súbáà, wọ́n á máa kà á títí yóò fi jáde. Ẹni tó ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn kò lè gbé ojú sókè wò ó mọ́.

Wàyí o, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ ẹ̀ksíréè. Ka apá yìí fún àbúrò ọkọ rẹ tó ń sọ pé òun fẹ́ ṣiṣẹ́ ilé ìwòsàn, ó lè ràn án lọ́wọ́.

Bertha ni orúkọ arábìnrin tó ya fọ́tò ọwọ́ náà. Ó wù mí bí ó ṣe ṣe é. Kò fa ọwọ́ náà rárá, ẹ̀rọ ló yí sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń bá Ishaq sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó bi mí bóyá mo lóyún, kó tó ní kí n bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n dá Ishaq sílẹ̀ nílé ìwòsàn, mo padà lọ bá a. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ènìyàn ṣe ń di irú yín?"

Ó ní, "Ṣé sáyẹ́ǹsì lẹ ṣe?"

Mo ní mo ṣe é, àmọ́ Físíìsì já mi kulẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ lọ tún un ṣe. Ẹ̀rọ tí ẹ rí yìí, Físíìsì lásán ni, ike ni wọ́n fi bò ó."

Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Ti yunifásítì gùn, bí ọdún márùn-ún ni, lẹ́yìn náà wọ́n á tún ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà nínú ọsibítù kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ. Àwọn wọ̀nyẹn ni ọ̀gá ìdí ẹ̀rọ. Èkejì ni ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera, tí kì í gùn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì fi ọ́ ṣe ẹni tó ń bá àwọn ọ̀gá ṣiṣẹ́. Bí agbára bá sì tún wà lẹ́yìn náà, o lè tẹ̀síwájú. Èyí ni mo mú. Wọ́n ń béèrè kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàọ́lọ́jì. Bertha kìlọ̀ fún mi gidigidi pé kí n má tíì san kọ́bọ̀ níbikíbi tí n kò bá tíì wádìí bóyá ìjọba fọwọ́ sí i, nítorí àwọn ibòmíràn wà tó jẹ́ pátákó ẹnu ọ̀nà nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Sọ fún ọmọ náà pé títẹ bọ́tìnnì kọ́ ni iṣẹ́ náà. Yóò kọ́ gbogbo eegun ara. Yóò kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ tí a kì í fojú rí ṣe ń la ẹran ara kọjá tí eegun sì ń dá a dúró. Ìmọ́lẹ̀ yẹn lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, nítorí náà aṣọ tí wọ́n fi òjé ṣe wà tí wọ́n ń gbé bora, báàjì kékeré kan sì wà láyà wọn tó ń sọ bí èyí tó ti wọ ara wọn ṣe pọ̀ tó. Eegun kan ṣoṣo, ìhà méjì ni wọ́n ti ń yà á, nítorí ohun tí ìhà kan bò mọ́lẹ̀, èkejì á tú u. Èyí tó ṣòro jù lójú mi ni pé ẹni tó ya fọ́tò kọ́ ló ń sọ fún aláìsàn ohun tó wà níbẹ̀, dókítà ni. Bertha ti rí ọwọ́ ọkọ mi nínú ẹ̀rọ, ó sì tún jáde wá béèrè bóyá mo ti jẹun.

Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìnnì Físíìsì lọ́sàn-án ní Òkè Padre, kí n lè tún ìdánwò ṣe. Mo ń sọ nílé pé ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mò ń lọ, Ishaq nìkan ló mọ̀. Tí mo bá dé, a ó ti ilẹ̀kùn, èmi á ka orúkọ eegun ní Gẹ̀ẹ́sì láti inú ìwé, Ishaq á fi ọwọ́ òsì wá a lára mi. Kò mọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ti júwe ibi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ á ti débẹ̀. Ẹ̀rín ni a máa ń rín, ó ń rìn mí nígẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Inú mi máa ń dùn ní àkókò yẹn, Muslimat, bí ẹni pé ìgbéyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ka ibi tí wọ́n ti sọ ti eegun méjì tó wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Ó mú apá mi. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, ó sì fi ìka tẹ èkejì. Kò fi apá mi sílẹ̀. A ò kàwé mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mo tún ìdánwò ṣe, Físíìsì jáde. Ilé ẹ̀kọ́ pè mí wá dáhùn ìbéèrè, wọ́n sì gbà mí. Ní àárín Bẹẹrẹ ni mo wà nígbà tí ìròyìn náà dé sórí fóònù mi. Mo fò sókè. Ìyá kan tó pàtẹ sílẹ̀ ní, "Ìyàwó, rọra, má fò lu ọjà mi." Mo bẹ̀ ẹ́, mo lọ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹkún sì gbà mí. Ohun tó mú mi dé ibẹ̀ ni mo rántí.

Ṣùgbọ́n Ishaq ní òun ò ní gbé mi gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó ní bí Bàbá kò bá fọwọ́ sí i, ìwé náà á kú sọ́wọ́ mi nìyẹn, nítorí òun ti fún Bàbá ní ọwọ́ òun kí ojú má bàa tì wọ́n, òun kò sì ní wá fi ìyàwó òun tì wọ́n lójú. Mo bínú sí i. Mo ní ọwọ́ ta ni a tún fẹ́ gé kí ojú má bàa ti Bàbá? Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń wọlé, ẹni tí kò bá sì yọjú, ààyè rẹ̀ di ti ẹlòmíràn.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn Àsárì, a wọlé tọ Bàbá lọ. Ìyá Àgbà wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, Ishaq sọ̀rọ̀. Kò tíì sọ ọ́ tán tí Ìyá Àgbà fi ní, "Ẹ̀hẹ́n. Ìyàwó fẹ́ lọ máa ya fọ́tò, kí gbogbo ìgboro lè máa fi ìka júwe pé ilé a-to-eegun ló ti jáde. Ṣé èyí tó bá wa yìí kò tíì tó ni?"

Bàbá gbé ọwọ́ sókè sí Ìyá Àgbà. Wọ́n gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀. Èmi ni wọ́n yíjú sí. "Ìyàwó, lọ́jọ́ yẹn, kí ni fọ́tò ìbá fi hàn mí?"

Mo ní, "Bàbá, pé méjèèjì ló ṣẹ́."

"Kí ni ǹ bá ṣe?"

Ishaq ló dáhùn. Ó ní, "Ẹ̀ bá ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sí ọsibítù, Bàbá."

Bàbá mi orí. Wọ́n ní, "Ká ní ọmọ ọlọ́mọ ni, ọwọ́ rẹ̀ ìbá wà lára rẹ̀ lónìí. Tèmi nìkan ni mo tò láìwo fọ́tò." Wọ́n wá wo Ishaq lójú, ìgbà àkọ́kọ́ láti inú ààwẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n di apá aṣọ tó ṣófo náà mú, wọ́n sì bú sẹ́kún. Ishaq dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́, ó sì ń sunkún ju Bàbá gan-an lọ. Ìyá Àgbà tú gèlè orí wọn, wọ́n sì fi bojú.

Nígbà tí ohùn Bàbá là, wọ́n ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ náà, pé àwọn fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ní n kò tíì ní jáde nílé títí gbogbo ọmọ ilé yóò fi pé jọ, èyí tó wà ní Ṣakí, èyí tó wà ní Èkó, ọkùnrin àti obìnrin. Wọ́n fẹ́ fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n ṣe sí ọmọ wọn. Wọ́n fẹ́ ká gbọ́ ọ lójúkojú pé àwọn ti jọ̀wọ́ iṣẹ́ náà, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá tún máa to eegun nínú ilé yìí lọ́jọ́ iwájú, ọmọ ilé ni o, ará ìta ni o, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹni tí wọn kò tíì ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣe àdúà fún mi. Mo rí ohun tí mò ń wá, Muslimat, ó sì ń dùn mí bí egbò. Bàbá ti kéré nínú aṣọ wọn láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí o bá rí Ishaq, má ké. Bú u bí o ṣe máa ń bú u, kó lè fún ọ lésì. Bí ó bá na ọwọ́ òsì sí ọ, gbà á. Bí o bá fẹ́ sunkún, wá bá mi ní yàrá, a ó jọ sun ún.

Bá mi kí Sàídì, bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Jọ̀wọ́, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ tó di Esther nílé ọkọ ní Òkèehò náà, má sì jẹ́ kó gbọ́ ọ lórí fóònù, lọ bá a nílé. Bàbá ní bí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù, àwọn kò ní la ẹnu, wọ́n sì ní ẹ̀ẹ̀kan ni àwọn lè sọ ọ́ láyé àwọn. Nítorí náà, lẹ́yìn ìrun Àsárì ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìn-ín-ní yìí, ni kí gbogbo yín ti dé.

                                        Èmi ni ẹni rẹ tòótọ́,
                                        Karimat.